Ìmọ́lẹ̀ Ló Ṣáájú, Ìpara Ló Kẹ́yìn: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Ayàwòrán Tuntun

Ọ̀pọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Kabba, Ìsánlú, Bùnú àti àgbègbè wọn ló dá lórí ọ̀rọ̀ kan: bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà ṣe lè fi kọ̀ǹpútà tún fọ́tò ṣe. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú. Orúkọ àwọn bọ́tìnì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ la fi í sílẹ̀, kí ẹ má baà máa wá a kiri.

Òkun o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ra kámẹ́rà Canon àlòkù kan. RAM láptọ́ọ̀pù mi ò ju 4GB lọ. Ẹni tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òun lè fi Photoshop ọ̀fẹ́ sí i fún mi, ẹlòmíì ní Lightroom ló dáa jù. Èwo ni kí n kọ́kọ́ kọ́? (Ayàwòrán tuntun, Kabba)

Òkun o. Photoshop kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ayédèrú lẹni yẹn fẹ́ fún yín. Ẹ fi sílẹ̀. Ká tilẹ̀ pa ti òfin tì, kòkòrò tó ń jí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tàbí tó ń ti fáìlì ẹni pa lè bá irú rẹ̀ wọlé, wọ́n á sì ní kí ẹ kọ́kọ́ pa áńtífáírọ́ọ̀sì kí ó tó lè ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tí fọ́tò ìgbéyàwó oníbàárà wà nínú rẹ̀ kò yẹ fún irú eré bẹ́ẹ̀.

RAM 4GB tó láti fi kọ́ṣẹ́. GIMP, áàpù tí a fi ń tún fọ́tò ṣe bíi Photoshop, jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, ó sì máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹ bá ti pa Chrome àti àwọn áàpù yòókù. Orí gimp.org ni kí ẹ ti gbà á. Fáìlì náà lé ní 200MB, nítorí náà ẹ wá ibi tí dátà ò ti ní gbówó lérí. Tó bá ti wọlé tán, kò bèèrè íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Àléébù rẹ̀ kan ni pé kò lè dá ṣí fáìlì RAW, ìyẹn fọ́tò tí kámẹ́rà fi sílẹ̀ láìtíì sọ ọ́ di JPEG. Fún ìyẹn, Canon ń fún àwọn tó ní kámẹ́rà wọn ní Digital Photo Professional lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lè béèrè nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí kámẹ́rà kó tó jẹ́ kí ẹ gbà á. Àwọn tó ń lo Nikon ní NX Studio. Ọ̀fẹ́ ni darktable, tí òun náà ń ṣí RAW, ó sì lágbára gan-an, ṣùgbọ́n á máa wọ́ lórí 4GB, ojú rẹ̀ sì kún jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Lightroom dára, ṣùgbọ́n owó oṣooṣù ni, 8GB sì ni RAM tó kéré jù tí wọ́n ní kó wà.

Kí ẹ tó náwó sórí RAM, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí láptọ́ọ̀pù náà wò bóyá àyè kejì wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn pẹlẹbẹ kan, wọ́n ti jó RAM mọ́ páálí ẹ̀rọ, kò ṣeé pààrọ̀.

Áàpù èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ohun tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàmú jù ni pé wọn kì í mọ èyí tó yẹ kó ṣáájú. Bí a ṣe ń tò ó nìyí: ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò, ẹ fi ojúlówó pamọ́, ẹ tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, ẹ tún àwọ̀ ṣe, ẹ yọ àbàwọ́n, ẹ gé e sí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ tó lo Sharpen, èyí tó ń mú kí etí nǹkan inú fọ́tò hàn kedere. Ìdí wà fún un. Bí ẹ bá fọ ojú èèyàn mọ́ nígbà tí fọ́tò ṣì ṣókùnkùn, gbogbo ibi tí ẹ lẹ̀ ló máa yọ síta nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dé. Bí ẹ bá kọ́kọ́ tún àwọ̀ ṣe, ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi kún un lẹ́yìn náà á yí i padà, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì lo Sharpen kí ẹ tó dín fọ́tò kù, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ṣòfò; bí ẹ bá wá tún un lò ní àlòjù, ìlà funfun tín-ín-rín á yọ yí etí fìlà po.

Nínú GIMP, irinṣẹ́ márùn-ún péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: Levels, Curves, Color Temperature, Heal àti Scale Image. Kí ọwọ́ yín mọ̀ wọ́n dáadáa kí ẹ tó máa wo fídíò ẹni tó ń fi èèyàn sórí òṣùpá.

Mo ya ìgbéyàwó kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́ẹ̀sì funfun ni ìyàwó wọ̀, ojú òun àti ọkọ rẹ̀ wá dúdú jù. Mo gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, ojú wọn hàn, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀sì funfun báláú, iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀ pòórá, èérún pupa àti búlúù sì kún awọ ara wọn. JPEG ni gbogbo rẹ̀. Ṣé ó ṣeé gbà là? (Ìsánlú)

Ó ṣeé gbà là dé àyè kan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó fà á. Kámẹ́rà kò mọ ìyàwó yàtọ̀ sí ògiri. Ohunkóhun tó bá rí, ó fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní àárín méjì, kó máà dúdú, kó máà funfun. Nígbà tí lẹ́ẹ̀sì funfun gba ìdajì fọ́tò, ó kà á sí pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, ó dín in kù. Lẹ́ẹ̀sì di àwọ̀ eérú, ojú àwọn èèyàn wa sì rì sínú òkùnkùn. Bọ́tìnì tí wọ́n kọ + àti − sí lára kámẹ́rà ló wà fún èyí. Ẹ gbé e sí +0.7, tàbí +1 bí funfun bá gba fọ́tò tán. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ inú mẹ́nù kí ẹ tan ìkìlọ̀ Highlight Alert, èyí tó máa ń mú kí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti jó máa ṣẹ́jú lójú kámẹ́rà. Bó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tàbí wúrà ọrùn nìkan ló ń ṣẹ́jú, kò burú. Bó bá jẹ́ àyà aṣọ ni, ẹ dín in kù sí +0.3.

Ní ti fọ́tò tó ti wà nílẹ̀, ẹ padà sórí ojúlówó, èyí tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn. Ẹ ṣí i nínú GIMP, ẹ lọ sí Windows, Dockable Dialogs, Pointer, ẹ yan RGB 0..255. Bí ẹ bá ń gbé máòsì kọjá lórí lẹ́ẹ̀sì, nọ́ńbà mẹ́ta á máa hàn: ti pupa, ti àwọ̀ ewé, ti búlúù. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti jẹ́ 255, òwú ti kú síbẹ̀, kò sí áàpù tó lè jí i. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí fọ́tò yín ti ṣókùnkùn nígbà tí ẹ yà á, ó ṣeé ṣe kí lẹ́ẹ̀sì ṣì wà ní 190 tàbí 210. Ẹ̀yin lẹ jó o nígbà tí ẹ gbé gbogbo fọ́tò sókè. Ojú nìkan ló yẹ kí ẹ gbé.

Ẹ tẹ Shift+Ctrl+D, ìpele kejì á jókòó lórí ti àkọ́kọ́. Lórí ìpele òkè yìí, ẹ ṣí Colors, Curves, ẹ di àárín ìlà náà mú, ẹ fà á sókè díẹ̀díẹ̀ títí ojú á fi hàn dáadáa. Lẹ́ẹ̀sì á jó. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ wá lọ sí Layer, Mask, Add Layer Mask, ẹ yan Black. Gbogbo ohun tí ẹ ṣe á pòórá, ẹ má fòyà. Ẹ tẹ P fún búrọ́ọ̀ṣì, ẹ mú èyí tí etí rẹ̀ rọ̀, Hardness 025, kí Opacity wà láàárín 20 sí 30, kí àwọ̀ jẹ́ funfun, kí ẹ wá máa kun ojú, etí, ọrùn àti ọwọ́. Ibi tí ẹ bá kùn nìkan ni ìmọ́lẹ̀ á ti yọ. Bí búrọ́ọ̀ṣì bá ṣèèṣì gun lẹ́ẹ̀sì, ẹ tẹ X kí àwọ̀ di dúdú, ẹ fi nù ún kúrò. Ẹ má gbàgbé ọrùn o. Ojú tó mọ́ lórí ọrùn tó dúdú ló máa ń tú àṣírí ayàwòrán.

Èérún pupa àti búlúù yẹn máa ń wà nínú òkùnkùn fọ́tò tí a fi ISO gíga (agbára tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀) yà. Fífà tí ẹ fà á sókè ló gbé e síta. Filters, Enhance, Noise Reduction á dín in kù. Ẹ má kọjá 2 tàbí 3 níbi Strength, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ awọ ara á máa dán bí àbẹ́là.

Ẹ tún fi Pointer wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Lára awọ èèyàn, dúdú ni tàbí pupa, nọ́ńbà pupa ló máa ń ga jù, àwọ̀ ewé tẹ̀lé e, búlúù ló kéré jù. Bí àwọ̀ ewé bá ti sún mọ́ pupa jù, ẹni náà á dà bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Iná tíúbù ṣọ́ọ̀ṣì sábà máa ń fa èyí. Ẹ ṣí Colors, Color Balance, ẹ fa ti àárín kúrò lápá Green lọ sí Magenta díẹ̀, 5 sí 10.

Fún ọjọ́ mìíràn, ẹ máa ya RAW pọ̀ mọ́ JPEG. JPEG kò ní ju ìpele ìmọ́lẹ̀ 256 lọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW oní-bit 12 ní 4,096, oní-bit 14 ní 16,384. Ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ máa fi gba ojú àti lẹ́ẹ̀sì là pa pọ̀. Ó ń jẹ káàdì o: ẹ mú káàdì kejì dání.

Mo tún fọ́tò ṣe nínú GIMP, mo tẹ Ctrl+S, mo fi fláàṣì gbé e lọ sí láàbù ní Lọ́kọ́ja. Wọ́n ní fáìlì náà ò ṣí. (Ìyàrá)

XCF, fáìlì tí GIMP fi ń tọ́jú iṣẹ́ tirẹ̀, lẹ gbé lọ. Ctrl+S nínú GIMP kì í ṣe JPEG. Ó ń pa iṣẹ́ yín mọ́ pẹ̀lú gbogbo ìpele rẹ̀, kí ẹ lè padà sí i lọ́la. Fún láàbù, ẹ tẹ Shift+Ctrl+E, ẹ kọ .jpg sẹ́yìn orúkọ rẹ̀, ẹ fi Quality sí 90 sókè. Ẹ fi méjèèjì pamọ́. JPEG tí ẹ bá ń ṣí, tí ẹ ń tún ṣe, tí ẹ tún ń tọ́jú léraléra, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló ń pàdánù díẹ̀ nínú ara rẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa. Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ní Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi a máa fọ ojú oníbàárà títí á fi di pupa tí kò sì ní ihò ara kankan. Àwọn oníbàárà kan fẹ́ràn rẹ̀, àwọn àgbà sì ń bínú. Kí ni kí n sọ fún wọn? (Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Ẹ̀gbẹ̀)

Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Òfin kan wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń tẹ̀lé, ó sì rọrùn fún ọmọ iṣẹ́ láti há sórí: ohun tó máa kúrò lójú èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lè yọ ọ́, ohun tó máa wà níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Rorẹ́, ojú ibi tí ẹ̀fọn jẹ, òógùn, gbogbo ìyẹn lè lọ. Ilà, àmì ìbí àti ìhunjọ iwájú orí bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún kò gbọ́dọ̀ lọ. Nǹkan tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Kí wọ́n ṣe é báyìí: kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìpele, kí wọ́n tẹ H fún Heal, kí búrọ́ọ̀ṣì fi díẹ̀ tóbi ju rorẹ́ lọ, kí wọ́n di Ctrl mú tẹ awọ tó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wá tẹ rorẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n má fà á. Ìwọ̀n 100% ni kí fọ́tò wà tí wọ́n bá ń ṣe é, kí wọ́n sì máa dá a padà sí odidi látìgbàdégbà, torí ẹni tó bá tẹjú mọ́ imú nìkan kò ní mọ ìgbà tó sọ ojú di ike. Tí wọ́n bá parí, kí wọ́n dín Opacity ìpele náà kù sí bíi 70, kí awọ gidi lè yọ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ fóònù ni wọ́n fi ń yà, kí wọ́n pa Beauty kí wọ́n tó yà á: ohun tí fóònù bá ti fọ̀ kò ṣeé dá padà.

Ní ti pupa, mà, ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí oníbàárà bá ní “mo ti dúdú jù níbí,” ọ̀pọ̀ ìgbà ni òótọ́ rẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò ló ṣókùnkùn. Kí wọ́n ṣí Levels, kí wọ́n fa igun mẹ́ta àárín sápá òsì títí nọ́ńbà rẹ̀ á fi kúrò ní 1.00 dé bíi 1.15, kí wọ́n wá fi hàn án. Púpọ̀ nínú wọn á gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá takú pé àwọ̀ ara òun gan-an lòun fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀, ṣọ́ọ̀bù yín ni, ẹ̀yin lẹ máa pinnu. Àwa ò ní ṣe é.

Ìdílé kan ní Bùnú fẹ́ kí n ya aṣọ pupa àtijọ́ wọn, irú èyí tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn àgbà. Nínú fọ́tò mi, pupa náà kàn dà bí ọ̀dà tí wọ́n dà sílẹ̀, a ò rí híhun rẹ̀. Histogram ò sì sọ pé nǹkan kan bàjẹ́. (Kabba)

Aṣọ ipo nìyẹn, ó sì yẹ kéèyàn fara balẹ̀ yà á. Histogram ni àwòrán tó dà bí òkè, tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín hàn, dúdú lápá òsì, funfun lápá ọ̀tún. Èyí tí ẹ wò pa àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni, àwọ̀ ewé ló sì ń sọ̀rọ̀ jù nínú rẹ̀. Lára aṣọ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù kéré, nítorí náà òkè náà rọra jókòó sápá òsì. Bẹ́ẹ̀ pupa nìkan ti kan 255 láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí pupa òwú tó yọ síta àti ti òwú tó wọnú bá jọ jẹ́ 255, níbo ni híhun á ti hàn? Nínú GIMP, ẹ ṣí Levels, ẹ yí Channel sí Red, ẹ ó rí i bó ṣe to jọ mọ́ ògiri ọ̀tún.

Ẹ lọ tún un yà bó bá ṣeé ṣe. Ẹ tan histogram oní-RGB lára kámẹ́rà, ẹ yí Picture Style kúrò ní Standard tàbí Landscape sí Neutral, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù sí −0.7 tàbí −1, ẹ ya RAW. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wá láti ẹ̀gbẹ́, kó rá lórí aṣọ náà. Òjìji kékeré tí òwú kọ̀ọ̀kan bá jù sílẹ̀ ló ń fi híhun hàn. Fláàṣì kámẹ́rà láti iwájú á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ má fọwọ́ kan Saturation gbogbogbò, torí ojú ẹni tó bá wọ aṣọ náà á bá a lọ. Nínú GIMP, Colors, Hue-Saturation, ẹ tẹ R nìkan, ẹ dín Saturation rẹ̀ kù ní 15 sí 25. Bí ètè bá ń di eérú, ẹ ti dín in kù jù.

Iná lọ lójijì nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ nínú Lightroom, bátìrì láptọ́ọ̀pù mi sì ti kú. Nígbà tí mo padà ṣí i, mo to fọ́tò mi sí fódà tuntun kó lè mọ́ tónítóní. Báyìí, àmì ìbéèrè ló wà lára gbogbo fódà. (Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀)

Iná kọ́ ló fà á. Títò tí ẹ tò ó ni. Lightroom Classic, irú èyí tí ẹ ń lò yìí, kì í gbé fọ́tò sínú ara rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ló ní, èyí tí orúkọ fáìlì rẹ̀ parí sí .lrcat: ibi tí fọ́tò kọ̀ọ̀kan wà àti ohun tí ẹ ṣe sí i. Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lórí fódà tó ní àmì ìbéèrè, ẹ yan Find Missing Folder, ẹ fi ibi tuntun hàn án. Iṣẹ́ yín á padà. Láti òní lọ, inú Lightroom gan-an ni kí ẹ ti máa gbé fódà kiri.

Iná lè ba ìwé àkọsílẹ̀ yẹn jẹ́ lóòótọ́ bó bá lọ nígbà tó ń kọ nǹkan sí i. Nínú Catalog Settings, ẹ ní kó máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá pa áàpù; nígbà tó bá béèrè ibi tí kó fi í sí, ẹ yan háádì dísíkì mìíràn. Ẹ má sì pa káàdì rẹ́ títí fọ́tò á fi wà níbi méjì.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp, ó lọ tẹ̀ ẹ́ ní 8×10. Ó hàn bàìbàì, wọ́n tún gé orí gèlè rẹ̀. (Akẹ́kọ̀ọ́, Mọ̀pà)

Àbúrò wa, nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ tí a bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò; Document ni kí o máa yàn. Fún títẹ̀, 300 píksẹ́lì sí ínǹṣì kan ni kí o fi ṣírò: 4×6 fẹ́ 1200×1800, 5×7 fẹ́ 1500×2100, 8×10 fẹ́ 2400×3000. Páṣípọ́ọ̀tù 35×45 mílímítà jẹ́ 413×531, mẹ́jọ á sì gba orí bébà 4×6 kan.

Ti gèlè: kámẹ́rà rẹ ń ya 3:2, ó bá 4×6 mu rẹ́gí. 8×10 kò gùn tó bẹ́ẹ̀, láàbù á gé e. Gé e fúnra rẹ kí o tó fi ránṣẹ́, kí o sì máa fi àyè sílẹ̀ lókè gèlè tí o bá ń yà á. Tọ́jú rẹ̀ ní sRGB, ètò àwọ̀ tí fóònù àti láàbù mọ̀ jù. Fọ́tò tó wà ní ètò àwọ̀ Adobe RGB máa ń ṣá lójú fóònù.

Mo fẹ́ ya àwọn àpáta Ògìdì nínú ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ di funfun ràkọ̀ràkọ̀. (Ìjùmú)

Ohun tí eruku bò pátápátá kò sí nínú fáìlì, ẹ má retí rẹ̀. Nínú Lightroom, Dehaze, tó ń dín kùrukùru kù, ní +20 sí +35 ti tó; tó bá jù bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀run á máa ní àbàwọ́n, etí àpáta á sì ní òjìji tí kò sí níbẹ̀. GIMP kò ní Dehaze: ẹ ṣí Levels, ẹ fa igun mẹ́ta dúdú wá síbi tí òkè inú histogram ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá lo Unsharp Mask pẹ̀lú Radius 50 àti Amount 0.2.

Bí ẹ bá rí àmì róbótó dúdú lójú ọ̀run níbì kan náà nínú gbogbo fọ́tò, eruku ti wọ inú kámẹ́rà nígbà tí ẹ ń pààrọ̀ lẹ́ńsì. Heal á yọ ọ́ nínú fọ́tò. Fún kámẹ́rà fúnra rẹ̀, ẹ tan Clean Manually nínú mẹ́nù nígbà tí bátìrì kún, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ fi róbà aláfẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ burú ju eruku lọ.